Ọ̀rọ̀ fún Ọ̀dọ́mọkùnrin tó Bímọ Láìtíì Gbé Ìyàwó

Ọmọ mi ní ìlú Ìmíní ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, bí o bá bímọ láìtíì gbé ìyàwó, má sá. Mú àwọn àgbà ilé yín lọ bẹ àwọn òbí ọmọbìnrin náà, kí o sì wà níbi ìsọmọlórúkọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, jíjẹ́wọ́ ọmọ ní gbangba kì í ṣe ohun kékeré. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 náà kò gbà kí a tìtorí bí a ṣe bí ọmọ fi ẹ̀tọ́ dù ú.

Ṣùgbọ́n bí ìjà bá dé, ìwé ló ń sọ̀rọ̀. Rí i pé orúkọ rẹ wà nínú ìwé ẹ̀rí ìbí tí àjọ ìkànìyàn ń fúnni. Kí ìwọ àti ìyá ọmọ sì kọ àdéhùn sílẹ̀: ọ̀dọ̀ ta ni ọmọ yóò máa gbé? Ta ni yóò san owó ilé ìwé? Ìgbà wo ni wàá máa rí i? Bó bá ṣàìsàn lóru ńkọ́? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti 2003, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀ ní 2006, fàyè gba irú àdéhùn yìí. Bí ìyá ọmọ bá kọ̀, bàbá lè bẹ ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n fún òun ní ojúṣe òbí lórí ọmọ náà.

Mo bẹ̀ ọ́, má jí ọmọ gbé, má sì dá owó oúnjẹ rẹ̀ dúró nítorí ìbínú.