Egbò Etí Ètè: Ìgbà Tó Bá Ń Yún Yín Ni Kí Ẹ Lo Oògùn



"Ibà ló gba ẹnu rẹ̀ jáde." Báyìí la máa ń wí tí ìléròrò wẹ́wẹ́ bá ṣùjọ sí etí ètè èèyàn. Nítorí èyí, oògùn ibà ni ọ̀pọ̀ máa ń béèrè lọ́wọ́ wa. Àwọn mìíràn a ní ká fún wọn ní kápúsù pupa àti yẹ́lò. Kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ fún egbò yìí nínú méjèèjì.

Kòkòrò fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní herpes simplex ló ń fà á. Láti kékeré ni ọ̀pọ̀ ti kó o, nígbà tí ará ilé kan fẹnu kò wọ́n lẹ́nu. Bó bá ti wọlé, kì í jáde mọ́. Inú iṣan ojú ló máa ń sá pamọ́ sí, títí ibà, oòrùn, àárẹ̀ tàbí nǹkan oṣù yóò fi jí i. Torí náà, àwọn àgbà kò ṣì í sọ tán: ibà lè jí i, àmọ́ oògùn ibà kò lè mú un.

Oògùn tirẹ̀ ni aciclovir àti valaciclovir. Wọn kì í pa kòkòrò náà. Wọ́n ń dí i lọ́wọ́ kó má lè pọ̀ sí i ni. Kí egbò tó yọ, ojú ibẹ̀ á máa yún, á máa ta, fún wákàtí díẹ̀ tàbí odidi ọjọ́ kan. Ẹni tó ti ṣe rí kì í ṣì í mọ̀. Ìgbà yẹn ni oògùn wúlò. Bó bá ti di èépá, ara ti ń wo ara rẹ̀ sàn. Owó lásán lẹ máa ná.

Fún àgbàlagbà, valaciclovir gíráàmù 2 lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn hóró 500 mg mẹ́rin. Lẹ́yìn wákàtí 12, gíráàmù 2 mìíràn, ó parí. Ìpara aciclovir wà, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ fún ọjọ́ 4 sí 5, ṣùgbọ́n àwa fẹ́ràn oníhóró jù. A kò ní tàn yín: bí ọjọ́ kan ló máa ń dín kù nínú ọjọ́ 7 sí 10 tí egbò náà fi ń jiná. Ẹni tó ní àìsàn kíndìnrín, aláboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, àti ẹni tí ẹyinjú ń dùn pẹ̀lú egbò náà, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó máa ń yọ sí lára léraléra, kó ní kí dókítà kọ oògùn náà fún òun, kó tọ́jú rẹ̀ sílé.

Ohun tó ká wa lára jù ni ọmọ tuntun. Kòkòrò tó fi egbò lásán sí ètè àgbà lè wọ ọpọlọ tàbí ẹ̀dọ̀ ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó sì pa á. Sunnah ni ká fi dàbínù tí a rún pa ọmọ tuntun lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ètè rẹ̀ ń yún tàbí tó ní egbò, kó jẹ́ kí ẹlòmíràn rún un, ìbáà ṣe àlùfáà tàbí ìyá àgbà. Ẹni tó ti lo oògùn pàápàá ṣì lè kó o ran ọmọ títí èépá yóò fi já. Bí ìyá ọmọ bá sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹnu kò ó lẹ́nu," kí ẹnikẹ́ni má bínú.

Bí ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan bá kọ ọmú, tó ń sùn jù, tí ara rẹ̀ gbóná, tàbí tí ìléròrò yọ sí i lára, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹni tó ní egbò ètè bá ti gbé e rí, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà.