Àròkọ Aṣàlàyé: Ẹ̀rọ Tí Ń Ríran

Irú àròkọ yìí kò fẹ́ ìtàn gígùn. Ohun tí ẹni tí yóò máàkì iṣẹ́ rẹ ń wá ni pé ọ̀rọ̀ náà yé ọ, àti pé o lè fi ohun tí a mọ̀ nílé ṣàlàyé ohun tó ṣòro. Kọ́kọ́ ṣe ìlapa èrò rẹ báyìí:

(i) bí ojú ṣe ń ríran
(ii) bí ẹ̀rọ ṣe ń fara wé e
(iii) àǹfààní rẹ̀ fún àgbẹ̀
(iv) ibi tí agbára rẹ̀ mọ

ÀPẸẸRẸ

Bí a bá ń lọ sóko ní Kabba, tí ejò bá yọ lójú ọ̀nà, wéré ni ẹsẹ̀ ti fò sẹ́yìn. Kí ló mú ojú yára tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀wẹ̀ ni. Oko tí ẹnì kan yóò fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ kọ ebè rẹ̀, ogún ènìyàn lè parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ohun tíntìntín tí ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ẹyinjú kan ju mílíọ̀nù 100 lọ, gbogbo wọn sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní 1959, Hubel àti Wiesel ní Amẹ́ríkà rí i nínú ọpọlọ ológbò pé bí sẹ́ẹ̀lì kan ti ń ṣọ́ ìlà tó dúró ṣánṣán ni òmíràn ń ṣọ́ èyí tó dábùú. Ní 1980, Fukushima ará Japan fi ìmọ̀ yìí gbé ètò kọ̀ǹpútà tí ń dá àwòrán mọ̀ kalẹ̀. Lónìí, kọ̀ǹpútà a máa pín àwòrán sí wẹ́wẹ́, yóò sì ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìṣirò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àgbẹ̀ ń jẹ àǹfààní rẹ̀. IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, wà lára àwọn tó ṣe Nuru, ètò orí fóònù tí ń wo ewé ẹ̀gẹ́. Ó lè dá àrùn mosaic mọ̀, èyí tí ń fi àmì àwọ̀ ìyeyè sára ewé, tí ó sì ń ká a kò. Kò dìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí, nítorí ẹni tó bá gé igi ẹ̀gẹ́ tó lárùn gbìn ti gbin àrùn fún ọdún tó ń bọ̀. Bí ó bá fún aládùúgbò, ó ti fi àrùn ta á lọ́rẹ.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ lè ṣìnà bí àwòrán kò bá mọ́lẹ̀. Àgbẹ̀ kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ di ojú tirẹ̀.

Kíyè sí i: ọ̀wẹ̀ ni ó la ọ̀nà fún gbogbo àlàyé yìí. Wá irú àfiwé bẹ́ẹ̀, kí o sì kọ àròkọ lórí “Ẹ̀rọ Amóhùnmáwòrán”.