Àbúrò Mi, Wá Ilé fún Ìwádìí Rẹ Kó O Tó Wá Owó

Àbúrò mi, kó o tó dáhùn iṣẹ́ WhatsApp tó ń pín kiri yẹn, jẹ́ kí n bá ọ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì àti apòògùn ní owó ìwádìí, kí kálukú kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù sínú àkáǹtì ẹnì kan. Irọ́ gbuu ni. Grants.gov tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń kéde tiwọn, ọ̀fẹ́ ni. SAM.gov tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń forúkọ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní kó o san owó kó o tó gba owó, pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́kàn rẹ. Ojoojúmọ́ lò ń rí àwọn aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò tó ní Ìsọlọ̀ níbẹ̀, o sì ń bi ara rẹ pé kí ló dé tí oògùn tí a ń fún wọn kò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa nílé-ẹ̀kọ́ ni pé owó ìwádìí ìjọba kì í sábà bá èèyàn délé. Ilé-iṣẹ́ ló ń bá lọ. Orúkọ rẹ lè wà lókè ìwé gẹ́gẹ́ bí olórí ìwádìí, àmọ́ yunifásítì tàbí ilé ìwòsàn ni wọ́n máa san án fún, òun náà ni wọ́n máa bi bí ìṣirò kò bá pé. Nítorí náà, ilé ni kó o kọ́kọ́ wá.

Wo TETFund ti ìjọba àpapọ̀. Lára èrè àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ti ń bu owó tó ń wọ ibẹ̀, wọ́n sì ní àpò kan tí wọ́n ń pè ní National Research Fund. Àwọn tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ni wọ́n ṣí i fún. Bó o bá wà ní ilé ìwòsàn aládàáni ní Máfolúkù, àbá rẹ ìbáà dùn ju oyin lọ, kò lè dá wọlé. Wá olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Ìdí-Àràbà tàbí ní LASUCOM ní Ìkẹjà tí ẹ jọ máa kọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ta ni ó ń ṣe kí ni, nítorí mo ti rí i tí obìnrin kó gbogbo iṣẹ́ jọ, tí orúkọ rẹ̀ wá di ti olùrànlọ́wọ́. Má fi ìtìjú gbà bẹ́ẹ̀. NIMR ní Yábà náà wà níbẹ̀, ilé ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ ni.

Èkó ní tirẹ̀ pẹ̀lú. LASRIC ni ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gómìnà Sanwo-Olu gbé kalẹ̀ fún ìwádìí àti ìṣẹ̀dá tuntun, ₦250 mílíọ̀nù ni wọ́n sì yà sọ́tọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Bí a bá pín in, kì í ṣe owó tó lè gbé ìdánwò oògùn ńlá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gba owó kékeré, tó ná an, tó sì jíhìn rẹ̀ kedere, ni wọ́n máa ń fi owó ńlá lé lọ́wọ́. Bí mo bá jẹ́ ìwọ, ibẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ní ti òkè òkun, gbogbo wa la mọ NIH, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà. Owó wọn ni wọ́n fi ṣe ìwádìí SPRING ní Kánò àti Kàdúná, lára ọmọ 220 tí wọ́n ní sickle cell, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé rọpárọsẹ̀ lè kọlù wọ́n. Ìbéèrè wọn kò gùn: nínú oògùn hydroxyurea, ṣé ìwọ̀n kékeré lè dáàbò bo ọmọ bíi ti ìwọ̀n tó jù ú lọ? Nígbà tí èsì jáde ní 2022, wọn ò rí ìyàtọ̀ pàtàkì láàárín méjèèjì ní ti rọpárọsẹ̀. Wo bí ìbéèrè yẹn ṣe jẹ́ ti wa. Ẹni tó wà ní Boston kò ní ìdí tí yóò fi máa ro iye tí ìyá kan ní Kánò lè fi ra oògùn.

NIH tún ní èyí tí wọ́n ń pè ní K43, fún àwọn olùwádìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, tí wọ́n ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, tí wọ́n sì ní ipò ní ilé-ẹ̀kọ́. Àmọ́ ní May 2025 ni NIH kéde pé àwọn ò ní máa jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà pín lára gíráǹtì wọn fún alábàáṣe lókè òkun bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, títí ètò tuntun yóò fi dé. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àbúrò mi. Ka ìkéde tó wà níta lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ kọ̀wé. Má gbára lé ohun tí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ, títí kan èmi náà. Kó o sì lọ bá ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ jọ máa ṣe é nísinsìnyí, béèrè bóyá orúkọ wọn ní SAM.gov ṣì wà láàyè. Ọdọọdún ni wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun, orúkọ àti àdírẹ́sì sì gbọ́dọ̀ bá ìwé ìjọba mu. Apá ńlá nínú ọ̀rọ̀ gíráǹtì ni irú ìwé kéékèèké yìí, kò sì sẹ́ni tó ń fi ṣe fáàrí.

O ò tiẹ̀ jìnnà sí ibi tí ìwé tó le jù ti ń jáde. NAFDAC wà ní Ìsọlọ̀ lọ́hùn-ún, lójú títì Apápá sí Òṣòdì, tí o ń gba iwájú rẹ̀ kọjá nínú dánfó. Kò sẹ́ni tó lè dán oògùn wò lára ènìyàn ní Nàìjíríà láìgba àṣẹ wọn. Ṣáájú ìyẹn, ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn tí a ń ṣe ìwádìí lára wọn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ìgbìmọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé NHREC, ìgbìmọ̀ orílẹ̀-èdè lórí ìlànà ìwádìí ìlera.

Má bínú sí ìgbìmọ̀ yẹn bí wọ́n bá dá ìwé rẹ padà. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé. Igba ọmọ ni wọ́n pín sí méjì, 11 nínú wọn kú. Ilé-iṣẹ́ náà ní àrùn ló pa wọ́n, kì í ṣe oògùn. Àwọn òbí ní wọn ò ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni. Ní 2009 ni Pfizer gbà láti san $75 mílíọ̀nù fún ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ìpínlẹ̀ Kánò. Nítorí náà, kọ ìwé àṣẹ rẹ ní Yorùbá tí ìyá alátà á gbọ́, kà á sí i létí, kó o sì jẹ́ kó lọ bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ bó bá fẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ kó o fi ojú sí jù ni ìṣirò owó. Àwa obìnrin a máa kọ iye tó kéré torí kí wọ́n má baà rò pé a ní ojúkòkòrò. Jọ̀ọ́, kọ iye tí nǹkan jẹ́. Fíríìjì tí ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò wà nínú rẹ̀ nílò dísù nígbà tí NEPA bá mú iná. Aláboyún tó ń bọ̀ láti Èjìgbò nílò owó ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà tó o bá pè é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó bá wá ní àkọ́kọ́ ò ní wá mọ́. Insúránsì fún àwọn olùkópa, ẹni tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀, owó ìgbìmọ̀. Ohun tó o bá fi dọ́là rà, fi àyè sílẹ̀ fún un: ṣáájú oṣù kẹfà 2023 dọ́là kan wà ní nǹkan bí ₦460 lọ́dọ̀ ìjọba, kí 2024 tó parí ó ti kọjá ₦1,500. Ìṣirò tí kò ro ìyẹn mọ́ ọn a ká lọ́wọ́ olówó rẹ̀.

Nípa ìbéèrè tìrẹ gan-an, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bosede Afolabi ní Ìdí-Àràbà ti darí ìwádìí IVON ní Èkó àti Kánò, lára aláboyún 1,056 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò tó, láti fi oògùn iron tí a ń fà sí iṣan wé èyí tí a ń gbé mì. Gates Foundation ló fún wọn lówó, kì í ṣe ìjọba. Ka ìwé èsì ìwádìí náà kó o tó kọ tìrẹ. Ẹni tó bá gbé àbá rẹ yẹ̀ wò á fẹ́ mọ̀ pé o mọ ohun tí wọ́n ti ṣe, àti ibi tí wọ́n dúró sí.

Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, gba ìwé àlàyé tí wọ́n fi ránṣẹ́. NIH máa ń fúnni ní oṣù 37 láti tún un ṣe kó sì padà wá. Sunkún lálẹ́ ọjọ́ kìíní, ṣí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ kejì.

Bí wọ́n bá sì fún ọ, tètè sọ nílé pé owó ilé-iṣẹ́ ni, pé owó oṣù tí wọ́n kọ sí ìwé nìkan ni tìrẹ, pé àwọn aṣàyẹ̀wò ń bọ̀. Ìyá ọkọ rẹ ti gbọ́ mílíọ̀nù, ó sì ti ń wo àwọ̀ aṣọ ẹbí.