Àjàní, Ta Ló Ní Kí O Yọ Gílóòbù Yẹn?

Àjàní ọkọ mi, jókòó. Má sọ fún mi pé o ń kánjú, ẹni tó ń kánjú kì í bèèrè ẹran kejì. Ìyàwó rẹ ti rò fún mi, má sì lọ bá a jà nílé, èmi ni mo wádìí lẹ́nu rẹ̀. Ó ní iná éàbáàgì ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ rẹ, kò kú. Ó ní o ráhùn fún mẹkáníìkì, o ráhùn fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ, o pe ẹni tó ta ọkọ̀ fún ọ títí, kò gbé fóònù. Nígbà tó yá, o wakọ̀ lọ sọ́dọ̀ rìwáyà, o kówó fún un, iná náà kú, o sì wọlé bí akọni pé ọkọ̀ ti dá.

Kí ni rìwáyà tún ṣe? Gílóòbù ló yọ! O sanwó kí wọ́n bá ọ pa ohun tó ń kìlọ̀ fún ọ lẹ́nu mọ́. Olè wà lẹ́yìnkùlé, ajá ń gbó, o dìde, o fi okùn di ajá lẹ́nu, o padà lọ sùn. Àwa tí a tọ́ ọ, ṣé bí a ṣe kọ́ ọ nìyẹn?

Gbọ́ bí iná yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí o bá yí kọ́kọ́rọ́, ó yẹ kó yọjú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó wá kú fúnra rẹ̀. Bó bá yọjú tí kò kú, nǹkan kan ti bàjẹ́, ó sì lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti dá éàbáàgì dúró: lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀, kò ní jáde. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná yẹn ò bá yọjú rárá, èyí ló burú jù, torí ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án. Bí o bá ta ọkọ̀ yẹn lọ́la, ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ rẹ á máa pè ọ́ títí. Ìwọ náà ti di ọkùnrin tí kì í gbé fóònù.

Mo wá bi ìyàwó rẹ pé ìgbà wo gan-an ni iná yẹn bẹ̀rẹ̀. Ṣé láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti rà á ni? Ó ní rárá o, ẹ̀yìn ìgbà tí o tún ìjókòó rán ni. Mo bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo èébú tí o bu ẹni tó ta ọkọ̀, kó o ti bu díẹ̀ síbi ìjókòó aláwọ pupa àti dúdú tí o fi ń ṣe fàájì!

Lábẹ́ ìjókòó iwájú, wáyà wà níbẹ̀ tí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fún un láwọ̀ yẹn ni, kí gbogbo ẹni tó bá rí i lè mọ̀ pé ti éàbáàgì ni. Ẹni tó bá fẹ́ tú ìjókòó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ orí bátìrì, kó ní sùúrù díẹ̀, kó tó fọwọ́ kàn án. Ọmọ tó bá ọ rán ìjókòó ńkọ́? Ó fà á já, ó tan ọkọ̀ láti gbé e lọ síbòji, ó tún un so padà bó ṣe wù ú. Kọ̀ǹpútà ti kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà, kò sì ní gbàgbé títí ẹni tó ní ẹ̀rọ rẹ̀ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sì pa á rẹ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni abẹ́rẹ́ àti òwú, nítorí náà jẹ́ n sọ̀rọ̀ dáadáa níbí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, éàbáàgì ti ẹ̀gbẹ́ wà nínú ìjókòó fúnra rẹ̀, lápá ibi tí ilẹ̀kùn wà. Wọ́n máa ń kọ AIRBAG sára bébà aṣọ kékeré kan tí wọ́n rán mọ́ etí ìjókòó. Ojú ìrán tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ìrán lásán. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi òwú tí kò le rán an, kó lè ya lójú kan náà bí éàbáàgì bá fẹ́ jáde. Ẹni tó bá ọ rán tìrẹ fi awọ tó nípọn bò ó, ó fi òwú onílọ̀ọ́po méjì rán ibẹ̀ pa, ó tún gé bébà yẹn dànù pé ó ń ba ẹwà jẹ́. Bí télọ̀ kan bá rán ọrùn aṣọ pa, orí ò ní wọ̀ ọ́, ìwọ á sì bú u. Èyí tó lè gba ẹ̀mí là lo wá sanwó kí wọ́n rán pa.

Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ tún ní tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, sẹ́ńsọ̀ wà nínú fóòmù rẹ̀ tó ń wo ìwọ̀n ẹni tó jókòó, kó lè mọ̀ bóyá àgbàlagbà ni tàbí ọmọdé, kí éàbáàgì sì jáde tàbí kó jókòó jẹ́ẹ́. Bí o bá ki fóòmù mìíràn lé e kí ìjókòó lè rọ̀, o ti dà á lórí rú. Ó lè ka ìyàwó rẹ sí ọmọdé.

Ẹni tó ta ọkọ̀ náà kò tíì bọ́ o, má rò pé mo ń gbèjà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń kó wọlé láti Amẹ́ríkà, bó gba Èkó, bó gba Kùtọnu, ọkọ̀ tó ti ní ìjàǹbá ni. Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ti pa á tì, wọ́n gbé e sí gbàǹjo, ẹnì kan rà á, wọ́n nà án, wọ́n kùn ún, ó ń dán. Éàbáàgì tó sì ti jáde lẹ́ẹ̀kan kò ṣeé dì padà. Owó tuntun ló ń ná, àwọn kan kì í sì í ná an: wọ́n á ki fóòmù tàbí àkísà sínú sítíà, wọ́n á fi gúlúù lẹ ojú rẹ̀. Nítorí náà, kí a yẹ inú sítíà yẹn wò pẹ̀lú.

O ní kí n má dẹ́rù bà ọ́. Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ṣé o mọ Takata? Ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Japan ni, iṣẹ́ aṣọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1933, kí wọ́n tó bọ́ sídìí bẹ́líìtì ọkọ̀ àti éàbáàgì. Agolo irin kékeré kan wà nínú éàbáàgì, kẹ́míkà tó wà nínú rẹ̀ ló ń jó lójijì láti fẹ́ báàgì yẹn. Ammonium nitrate ni Takata lò, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti ń bá kẹ́míkà yìí jà fún ọdún mélòó kan, ó ń bàjẹ́. Lọ́jọ́ tó bá jó, ó lè le ju bó ṣe yẹ lọ, agolo náà á fọ́, irin á sì máa fò lu ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà nìkan, ìjọba ti fìdí ikú ènìyàn 28 múlẹ̀, àwọn tó fara pa sì tó 400. Nǹkan bí mílíọ̀nù 67 éàbáàgì ni wọ́n pè padà níbẹ̀. Ní 2017, Takata gbà pé òun jẹ̀bi níwájú ilé ẹjọ́, wọ́n bu bílíọ̀nù kan dọ́là lé e, lọ́dún kan náà ló sì wọko gbèsè.

Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí wọ́n yára mú ọkọ̀ wá ni àwọn tó ń gbé Florida, Hawaii, Puerto Rico àti etí òkun Texas, nítorí ooru àti ọ̀rinrin ibẹ̀. Sọ fún mi, Àjàní, Èkó tí o ń gbé yìí, ṣé yìnyín ló ń bọ́ níbẹ̀? Ní 2016, NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fún àwọn tó ní Honda àti Acura kan tó jáde láàárín 2001 sí 2003 pé kí wọ́n má wà wọ́n mọ́, àfi láti gbé e lọ ṣàtúnṣe. Àyẹ̀wò fi hàn pé éàbáàgì wọn lè fọ́ nínú ìdajì ìgbà tó bá jáde. Irú àwọn ọkọ̀ ọdún yẹn ṣì ń ná Ọ̀jọ́ta sí Bẹ́gà lójoojúmọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kó o dì mú nínú ìtàn yìí ni pé ẹ̀hónú àwọn èèyàn ló mú àṣírí Takata jáde. Éàbáàgì tó kọ́kọ́ fọ́ ní Alabama ní 2004, wọ́n kà á sí ohun tó kàn ṣèèṣì ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà òmíràn dé, òmíràn tún dé, títí Honda fi pe àwọn àkọ́kọ́ padà ní 2008. Àwọn tó ní ọkọ̀ níbẹ̀ kì í ráhùn lásán. Wọ́n ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sí NHTSA: irú ọkọ̀, ọdún rẹ̀, nọ́ńbà ṣáṣí, ohun tó ṣẹlẹ̀. Tìrẹ ńkọ́? Gbogbo Àgége ti gbọ́ pé inú ń bí ọ, kò sì sí ẹni tó lè tún un ṣe nínú wọn. Bí ẹni tó ta ọkọ̀ bá tàn ọ́ jẹ, ìwé ni kó o kọ, mú rìsíìtì àti fọ́tò dání, gbé e lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà. Òfin ti fún oníbàárà lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Mo tún gbọ́ òmíràn. Wọ́n ní o ra irin bẹ́líìtì lásán, o kì í bọ ihò rẹ̀, kí ọkọ̀ má baà máa ké tí o ò bá de bẹ́líìtì. Áà! Iná ń tàn, o pa á. Ọkọ̀ ń ké, o dí i lẹ́nu. Ìyàwó rẹ náà sọ̀rọ̀, o ní ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Kí ló kù tí o fẹ́ kó dákẹ́, Àjàní? Éàbáàgì àti bẹ́líìtì jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Ó ń jáde kíákíá ju ìṣẹ́jú ojú lọ; ẹni tí bẹ́líìtì ò dì mú, ó ti ń fò lọ pàdé rẹ̀. Jókòó kí àyà rẹ jìnnà sí sítíà tó ẹsẹ̀ bàtà kan, má sì dùbúlẹ̀ sínú ìjókòó bí ọba tó ń gbafẹ́.

Èyí tó kẹ́yìn ló ń dùn mí jù. Ọmọ mi kékeré yẹn, tí ẹ ń gbé sórí itan níwájú! Láàárín 1990 sí 2008, éàbáàgì iwájú fúnra rẹ̀ pa ènìyàn tó lé ní 290 ní Amẹ́ríkà, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ló gba ẹ̀mí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn là, torí náà má lọ wí pé Àǹtí ní kí wọ́n yọ ọ́ dànù. Ẹ̀yìn ni ààyè ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13. Ọmọ ọwọ́ tó wà nínú ìjókòó rẹ̀ tó kọjú sẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ dé iwájú éàbáàgì láéláé.

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ: owó. Owó tí o fi rán ìjókòó, wọ́n ò yá ọ. Ṣùgbọ́n màá fi díẹ̀ kún un, tìtorí ọmọ mi ni, kì í ṣe tìtorí orí kunkun rẹ. Gílóòbù á padà sáàyè rẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò, á sọ ohun tó ń ṣe é gan-an. Awọ tó wà létí ìjókòó yẹn, màá wá tú u fúnra mi. Irin bẹ́líìtì lásán yẹn, kó o gbé e fún mi lónìí.

Ó ku nọ́ńbà ṣáṣí, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó wà ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì NHTSA, á sì sọ fún wa bóyá wọ́n ti pe ọkọ̀ náà padà rí tí ẹnikẹ́ni ò sì ṣe é. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a jọ máa lọ bá àwọn tó ń ṣojú ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní Nàìjíríà ni, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Lọ kọ nọ́ńbà yẹn wá kí a fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ ní Houston. Ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ wọn.