Bí A Ṣe Ń Káwọ́ Ìdàgbà Kírísítà Bíńtín Tí Ń Tan Ìmọ́lẹ̀

Bí ènìyàn bá lọ iyọ̀ títí tí ó fi kúnná bí ìyẹ̀fun, funfun náà ni yóò máa jẹ́. Bí a ti mọ kírísítà sí nìyẹn láti ilé. Ṣùgbọ́n àwọn kírísítà kan wà tí wọn kò tẹ̀ lé òfin yìí. Bí a bá pa kádímíọ̀mù àti sẹlẹ́níọ̀mù pọ̀ di kírísítà tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi nánómítà 6, tí a sì tan iná sí i, ìmọ́lẹ̀ pupa ni yóò máa tàn. Bí ó bá jẹ́ nǹkan bíi 3, àwọ̀ ewé ni. Bí ó bá súnmọ́ 2, àwọ̀ aró ni. (Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nánómítà.) Aláró tí ó fẹ́ kí aṣọ rẹ̀ dú sí i ní láti tún un rẹ sínú aró. Níhìn-ín, èròjà kan náà ni, ìwọ̀n nìkan ni ó yàtọ̀.

Kí ni ó fà á? Sẹmikọ́ńdọ́tọ̀ ni à ń pe irú ohun báyìí. Iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì lè gba inú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n kì í rọrùn fún un tó bí ó ti ń gba inú bàbà kọjá. Nínú kírísítà ńlá, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ní àyè láti rìn. Nínú èyí tí ó kéré gan-an, àyè há mọ́ ọn, agbára tí ó ní sì ga sí i. Ẹ wo ìdílé ìlù dùndún: irú igi kan náà, irú awọ kan náà, síbẹ̀ ohùn kẹríkẹrì kò lè rí bíi ti gángan, nítorí pé ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ kírísítà ṣe ń kúrò ní pupa lọ sí àwọ̀ aró bí ó ti ń kéré sí i.

Alexei Ekimov rí èyí nínú gíláàsì aláwọ̀ ní ilẹ̀ Soviet, ó sì kéde rẹ̀ ní 1981. Ní 1983, Louis Brus kéde pé òun rí i lára kírísítà tí ó wà nínú omi, ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n kí a rí nǹkan yàtọ̀ sí kí a lè ṣe é bí a ti fẹ́. Kírísítà ńlá àti kékeré ń dàpọ̀ nínú ìgò kan náà, àwọ̀ wọn sì ń dàpọ̀.

Ní 1993 ni Christopher Murray, David Norris àti Moungi Bawendi, ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT, tẹ ọ̀nà tí ó yanjú ọ̀ràn náà jáde. Lójú tèmi, kì í ṣe èròjà ni àṣírí iṣẹ́ wọn, bí kò ṣe àkókò. Àgbẹ̀ tí ó gbin àgbàdo rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo yóò rí i pé wọ́n ga dọ́gba. Ẹni tí ó ń gbìn ín díẹ̀díẹ̀ fún oṣù kan yóò ní èyí tí ó ti yọ ọmọ àti èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù nínú oko kan náà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ya ìgbà híhù sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbà dídàgbà.

Wọ́n gbé ohun kan tí à ń pè ní TOPO, tí ó máa ń yọ́ bí òrí, kaná títí ó fi gbóná dé 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius, láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìta kàn án. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi sírínjì tu èròjà kádímíọ̀mù àti ti sẹlẹ́níọ̀mù, tí wọn kò gbóná, sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lójú ẹsẹ̀, èròjà pọ̀ ju ohun tí omi gbígbóná náà lè gbà mọ́ra lọ, kírísítà àìmọye sì hù. Híhù wọn jẹ èròjà kù, ohun tútù tí a dà sí i sì mú ooru wálẹ̀ sí nǹkan bí 180. Híhù dáwọ́ dúró. Wọ́n wá rọra koná mọ́ ọn padà, dé nǹkan bí 230 sí 260, kí àwọn tí ó ti hù lè máa dàgbà pọ̀. Ẹni tí ń ṣe é yóò máa bu díẹ̀ wò. Bí àwọ̀ tí ó ń fẹ́ bá ti dé, yóò gbé e kúrò lórí iná. Bí ó bá pẹ́ jù, tí èròjà sì tán, àwọn kékeré yóò máa yọ́, àwọn ńlá yóò sì máa fi èròjà wọn sanra. Ní ìparí, wọ́n ń ta methanol sí i díẹ̀díẹ̀ kí àwọn tí ó tóbi jù lè kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Báyìí ni ìyàtọ̀ ìwọ̀n wọn kò fi tó 5 nínú ọgọ́rùn-ún mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni Murray àti Norris nígbà náà. Bawendi, Brus àti Ekimov ni ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì ní 2023.

Ní 1996, Hines àti Guyot-Sionnest fi síńkì àti imí ọjọ́ ṣe èèpo bo kírísítà náà. Ṣáájú èyí, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń há sí ojú ara rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ń ṣòfò. Èèpo yìí mú un tàn gidigidi. Lónìí, ásíìdì oleic ni ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí fi ń bo kírísítà kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra. Ásíìdì yìí náà pọ̀ nínú epo pupa tí a fi ń se ọbẹ̀.

Ní 2013, Sony ta ẹ̀rọ amóhùn-máwòrán tí ó ń lo irú kírísítà báyìí: iná aláwọ̀ aró ń tàn láti ẹ̀yìn, kírísítà sì ń sọ apá kan rẹ̀ di pupa àti àwọ̀ ewé. Bí kírísítà kò bá dọ́gba, àwòrán kò lè mọ́.

Èyí tí ó yẹ kí ó ká wa lára ni ti májèlé. Kádímíọ̀mù ń ba kíndìnrín jẹ́. Èròjà dimethylcadmium tí wọ́n lò ní 1993 tilẹ̀ máa ń gbiná bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, títí di ìgbà tí Peng àti Peng, ní Yunifásítì Arkansas, fi cadmium oxide rọ́pò rẹ̀ ní 2001. Samsung mú ẹ̀rọ tí kò ní kádímíọ̀mù jáde ní 2015. Índíọ̀mù àti fósífọ́ọ̀sì ni wọ́n lò. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn àkókò tún padà wá. Èròjà fósífọ́ọ̀sì tí wọ́n ń lò jù máa ń tètè tán nígbà tí kírísítà ṣì ń hù, kì í ṣẹ́kù púpọ̀ fún ìdàgbà, nítorí náà ó ṣòro kí wọ́n dọ́gba bíi ti kádímíọ̀mù. Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì tí ó bá ń wá ohun tí yóò fi ṣe ìwádìí lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.