Ẹ̀KỌ́: ÀWỌN IGI ÀTIJỌ́ LÓRÍ ÒKÈ

Bíbélì kíkà: 1 Àwọn Ọba 5:6–14, Isaiah 14:8

Ẹni tó bá ti Atakpamé ń lọ sí Badou ní láti gun òkè Akposso. Igbó ńlá ló wà níbẹ̀ rí. Oko kọfí àti kòkó ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ óò rí ìrókò àti àràbà tí ènìyàn mẹ́rin kò lè fi apá yí ìdí wọn ká. Ta ló gbìn wọ́n? Kì í ṣe bàbá wa. Àwọn bàbá ńlá wa gan-an, ńṣe ni wọ́n bá wọn níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo Lébánónì. Sólómọ́nì ń rán 10,000 ọkùnrin lóṣooṣù síbẹ̀ nítorí igi kédárì. Òun nìkan kọ́ o: Íjíbítì gé, Bábílónì gé, Róòmù náà gé. Lónìí, lẹ́bàá ìlú Bsharri, níbi tó ga ju mítà 1,900 lọ, ìwọ̀nba àwọn arúgbó igi ló kù. Ewúrẹ́ sì ń jẹ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù (ẹ̀yin náà mọ ewúrẹ́!). Ní 1876 ni wọ́n mọ odi yí wọn ká. Queen Victoria ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sanwó rẹ̀.

Ìrókò tiwa ní akọ, ó ní abo. Abo nìkan ló ń so, àdán a jẹ èso rẹ̀, a sì gbé irúgbìn lọ. Bí a bá gé abo tó kù lórí òkè kan, akọ tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán ti di àgàn. Gbòǹgbò igi wọ̀nyí ló sì ń jẹ́ kí òjò rọra wọlẹ̀, kí odò Amou, tó ń ṣàn lọ bá Mono, má baà tètè gbẹ lẹ́ẹ̀rùn.

Ọ̀rọ̀ wá kan àwa tí à ń gun òkè lọ gbàdúrà. Lọ́dún kan, lásìkò ọyẹ́, àwọn kan nínú wa tan àbẹ́là sínú ihò ìdí igi ńlá kan. Wọ́n gbàdúrà tán, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, inú igi náà ti ń jó bí ààrò. A pọnmi títí, ó pàpà wó. Àwọn mìíràn tún ń sọ pé ẹ̀mí burúkú ń gbé inú ìrókò, kí a gé e. Ẹ gbọ́ ná, ṣé ẹlòmíràn ló dá ìrókò, yàtọ̀ sí Ẹni tó dá kédárì?

Lẹ́ẹ̀rùn, orí àpáta ni kí ẹ gbé àbẹ́là sí. Ẹ gbá ewé gbígbẹ kúrò, kí ẹnì kan sì máa ṣọ́ ọ títí ẹ ó fi pa á.

Ìbéèrè: Oṣù mélòó ni àwọn ọkùnrin Sólómọ́nì ń lò nílé kí wọ́n tó padà sí Lébánónì? Lórí òkè tí ẹ ti ń gbàdúrà, igi wo ló dàgbà jù, ta ló sì mọ ìtàn rẹ̀ nínú ìjọ yín?