Ọkọ̀ Kékeré Àwọn Àgbẹ̀

Ní ọdún 1948, wọ́n fi ọkọ̀ kékeré kan han àwọn ènìyàn ní Paris, ní ilẹ̀ Faransé. Orúkọ rẹ̀ ni 2CV. Àwọn kan rí i, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín.

Àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Sípíríǹgì rẹ̀ rọ̀. Bí ó bá gba inú oko kọjá, ẹyin inú agbọ̀n kò gbọdọ̀ fọ́. Àwọn àgbẹ̀ rà á, wọ́n fi ṣiṣẹ́.

Ní ọdún 1990, wọ́n ṣe èyí tí ó kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ṣì ń tọ́jú rẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé òmíràn lójú ọ̀nà, wọ́n á juwọ́ sí i.

Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ìbéèrè
1. Àwọn wo ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà fún?
2. Kí ni kò gbọdọ̀ fọ́?